Kápúsù Aláàbọ̀ Tí Mo Fún Ìyá Áyọ́ọ̀nù

Bí ẹ bá pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ṣe rí. Ojú ẹni tó ti gbé nǹkan pamọ́ sórí àga, tó ń dúró kí ẹ jókòó lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti gbé e síbẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Ẹni náà fẹ́ràn mi, ó sì ń pè mí ní Dókítà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Kì í ṣe pé orí mi kò gba ìwé, ìdí mi ni kò gba àga. Ìyá mi ní bí n kò bá lè jókòó, kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń dúró ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe dé ilé ìfọṣọ nìyẹn.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀ níbẹ̀. Obìnrin méje ni wá. Ẹ̀rọ mẹ́ta ń ké ramúramù níwájú, tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ sì tò sẹ́yìn, ooru ibẹ̀ a sì máa mú kí ènìyàn làágùn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló ni tábìlì tó sún mọ́ ògiri. Ọdún méjìlélógún ló ti fi dúró nídìí rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpá iná kéékèèké kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, èmi àti òun la jọ máa ń dì í mú: òun ní etí kan, èmi ní etí kejì. A ó fà á le, a ó rìn pàdé ara wa, a ó fi etí kan etí, a ó tún padà sẹ́yìn.

Mo ti fi sítáàṣì lọ gèlè rẹ̀ títí ó fi dá dúró lórí tábìlì bí ìkòkò. Mo ti rán ẹnu ọwọ́ kóòtù ọ̀gá pa. Mo ti fi lẹ́tà ìfẹ́ sínú àpò ṣòkòtò mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń fá irùngbọ̀n kó tó mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù máa ń fi rẹ́rìn-ín, tí yóò sì fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀: ilé ìtọ̀.

Ẹyọ kan ni, ó wà lẹ́yìnkùlé, àwa àtàwọn mẹkáníìkì la jọ ń lò ó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì. Bí o bá wọlé, ẹsẹ̀ ni wàá fi ti ilẹ̀kùn mú, kí o máa wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn obìnrin wa kì í mu omi. Láti àárọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, nínú ooru yẹn, wọn a kàn máa pọ́n ètè lá. "Ẹni tí kò mu, kò ní tọ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Ìyàwó ni ó kọ́kọ́ ké. Orúkọ tí a ń pè é nìyẹn nítorí pé kò tíì pẹ́ tó ṣègbéyàwó.

"Ó ń ta mí bí ata," ló wí, ó fún itan pọ̀. "Mo tọ̀ díẹ̀, ó tún gbọ̀n mí. Mo tún lọ, ẹ̀kán méjì ló jáde."

Mo rántí agolo orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣèṣe lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ilé ìwòsàn fún un ní kápúsù pupa àti yẹ́lò rẹpẹtẹ. Nígbà tí ojú egbò gbẹ, ó da èyí tó kù sínú agolo. "Ẹsẹ̀ ti san," ló wí, "kí ni mo tún ń gbé e mì fún?"

Mo kà á. Ó ku méjìlélọ́gbọ̀n. Mo kó gbogbo rẹ̀.

Mo fún Ìyàwó ní mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé, ó ń jó.

"Ó ti lọ," ló wí. "Mo tọ̀ lówùúrọ̀ yìí bí ẹṣin. Ẹ bá mi kí Dókítà."

Dókítà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi tí tíṣà ti sọ lójú gbogbo kíláàsì pé n kò lè wúlò fún nǹkan kan. Orúkọ yẹn wọ̀ mí lára bí aṣọ tuntun. N kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí oògùn náà, mo fi èyí dá yín lójú. Orúkọ yẹn ni mo ń gbà.

"Níbo lo ti ń rí i?" Ìyá Áyọ́ọ̀nù bi mí.

"Lọ́wọ́ bàbá tó ni kẹ́míìsì ìkóríta, mà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni."

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, n kò tiẹ̀ gbọ́ nígbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

Láti ìgbà náà, bí ìtọ̀ bá ti ta ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo wọ àpò ìrọ̀rí funfun sọ́rùn bí ẹ̀wù dókítà, mo fi rọ́bà omi kọ́ ọrùn bí èyí tí dókítà fi ń gbọ́ àyà.

"Ẹ la ẹnu, mà. Ẹ ní áà."

"Ṣé ẹnu ni mo fi ń tọ̀, Dókítà?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi, mà. Àtòkè là ń wò ó bọ̀ nísàlẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Màá fún wọn ní méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, bó bá ṣe wù mí. Ara wọn á fúyẹ́, ó parí.

Ìgbà tó ku kápúsù mẹ́wàá péré ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wá.

A ń ká aṣọ lọ́wọ́. A rìn pàdé ara wa, ó fi etí aṣọ lé mi lọ́wọ́, kò sì padà sẹ́yìn.

"Dókítà," ó rọra sọ ọ́, "má pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ni."

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan. Ojú ń tì mí. Àgbàlagbà bíi tèmi, kí n máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú."

Ó yẹ kí n ti sọ pé, "Mà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn." Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni mo ti wò sàn. Ṣé Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni n ó wá sọ fún pé oògùn mi ń tán lọ?

"Tiyín ti wà nílẹ̀, mà," mo wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe nílé ìfọṣọ wa. Bí ọṣẹ olómi bá kù díẹ̀, a kì í sọ pé ó tán. A ó bu omi sí i. Bí sítáàṣì bá kù díẹ̀, a ó fi omi là á. Ọ̀gá ló kọ́ wa. "Ìfófòó ni ẹ̀rọ ń wò," ló máa ń wí. "Bó bá ti ń hó, ó tó." Aṣọ a sì mọ́. Ó pẹ́ kó tó mọ́ ni, ṣùgbọ́n a mọ́.

Mo jókòó sínú yàrá mi lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, mo fa kápúsù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ya lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń rọ oògùn ìwúkọ́ àdáṣe sínú kápúsù, mo sì gba èèpo kápúsù pupa àti yẹ́lò mẹ́wàá tí kò ní nǹkan nínú lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pín ìyẹ̀fun oògùn sí méjì méjì. Mo fi ìgò lọ ṣúgà kúnná, mo fi dí àyè tó kù. Mẹ́wàá di ogún. Mo tò wọ́n sórí pépà, mo wò wọ́n, inú mi dùn. Bí ẹ bá gbé ojúlówó sáàárín wọn, n kò ní dá a mọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù lo mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó rọlẹ̀. Ó ní òun ti bọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn náà padà dé. Mo fún un ní mẹ́fà míì. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, kò lọ tán.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" ló bi mí. "Ó dà bí ẹni pé ó ń bá mi ṣeré bojúbojú."

"Ara yín ló ń bá a jà, mà. Ẹ fara balẹ̀."

Ẹ wo ọ̀bọ tó ń ṣe olùkọ́. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí dókítà gidi.

Nígbà kẹta, mo kó mẹ́jọ tó kù fún un lẹ́ẹ̀kan náà, mo dì wọ́n sínú pépà. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀. Ó ti rù. Ó ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ mú bó ṣe ń lọ aṣọ. Bí mo bá ṣẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ń pẹ́ kó tó dé. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń bàjẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún ń fi rọ́bà kọ́ ọrùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nǹkan bí agogo mọ́kànlá, mo gbọ́ òórùn jíjóná.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù, tí kò jó aṣọ kankan rí láti ọdún méjìlélógún, gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí aṣọ funfun, kò sì gbé e kúrò. Ṣe ló ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn nínú ooru yẹn.

"Ẹ bá mi wá bùláńkẹ́ẹ̀tì," ló ń wí. "Òtútù ń mú mi. Ẹ̀yìn mi."

Ọkọ̀ tí a fi ń kó aṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì la fi gbé e. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. "Dókítà mi, bá mi lọ."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gidi jáde wá. Obìnrin kúkúrú kan ni, ohùn rẹ̀ kò ga. Wọ́n gba ìtọ̀ Ìyá Áyọ́ọ̀nù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n so omi sí i lápá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọjọ́ kìíní kọjá, ibà kò lọ. Ọjọ́ kejì kọjá, ó ti ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe àwọn ènìyàn tó ti kú. Ìdí ibùsùn rẹ̀ ni mo wà, nítorí kò ní ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Dókítà wọlé pẹ̀lú pépà kan lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e.

"Ìyá, àìsàn inú ìtọ̀ yín ti gòkè dé kídìnrín," ó wí. "Oògùn mẹ́wàá la dán wò lára kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ ni kò kà sí rárá. Kí lẹ ti ń lò ká tó rí yín?"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. "Oògùn tó dára ni," ló wí. "Mo ṣẹ́ méjì kù." Ó fa pépà tí mo dì fún un yọ, ó ṣí i.

Èèrà ló kún inú rẹ̀.

Wọ́n tò láti etí pépà dé ara kápúsù, wọ́n ti dá ọ̀kan lu lẹ́nu, wọ́n ń gbé hóró funfun jáde. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo dókítà.

"Èèrà kì í jẹ oògùn yìí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kíkorò ló korò."

Dókítà mú ìkejì, ó fà á ya, ó dà á sórí àtẹ kékeré. Ìyẹ̀fun yẹ́lò lápá kan, nǹkan funfun tó ń dán lápá kejì. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò pariwo.

"Ṣúgà nìyí. Ta ló tà á fún yín?"

Mo tẹjú mọ́ àwọn èèrà náà.

"Wọ́n ti rẹ́ ọmọ yìí jẹ ni," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí, ó ń gbìyànjú láti dìde. "Kẹ́míìsì ìkóríta ló ti ń bá mi rà á. Wọ́n rí i pé ọmọdé ni, wọ́n lù ú ní jìbìtì."

"Ibo ni kẹ́míìsì náà wà?" Dókítà kọjú sí mi. "Àwọn agbófinró gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lónìí. Ẹni tó ń ṣe irú èyí yóò ṣẹ̀wọ̀n."

Mo rí bàbá náà lójú mi. Okùn dúdú ló fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí. Kò tà mí ní nǹkan kan rí ju básílíìnì lọ. Orúkọ òpópónà rẹ̀ ti wà lórí ahọ́n mi. Mo kàn fẹ́ tu ú jáde ni, kí n sì máa lọ sílé. Ta ni yóò gba kẹ́míìsì gbọ́, tí yóò já èmi ní irọ́?

Ìyá Áyọ́ọ̀nù di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìdí áyọ́ọ̀nù.

"Sọ fún wọn, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. O ò ṣe nǹkan kan."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́.

"Èmi ni, mà," mo wí. "Kò sí kẹ́míìsì kankan. Oògùn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń tán lọ, mo bá pín in sí méjì, mo fi ṣúgà kún un."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de ibi tí ẹ̀rín wà.

Nígbà tó rí i pé kò sí, ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

"O dúró tì mí," ó rọra wí. "Ìwọ lo bu omi fún mi. O ń wò mí tí mo ń gbé ṣúgà mì." Ó yí ojú sí ògiri.

Dókítà fà mí síta. Ó bi mí ní iye tí mo fún un, ọjọ́ mélòó, ìgbà mélòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"N kò ní purọ́ fún ọ," ó wí. "Kòkòrò tó le bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín ìlú kí o tó dé; ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo oògùn bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, aláìlera ni oògùn díẹ̀ ń pa. Ara á fúyẹ́. Àwọn líle tó ṣẹ́kù ni yóò wá bímọ kún gbogbo ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni o bá wọn lé aláìlera kúrò lọ́nà. Oṣù méjì sì ni o fi dá ìyá yẹn dúró síta, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ṣé ẹ ní oògùn míì, mà?"

"Méjì ló kù. Ọ̀kan kò sí nílùú yìí. Èkejì, abẹ́rẹ́ ni, ó sì wúwo lára kídìnrín tó ti ń ṣàìsàn. Òun la ó fún un."

"Bí kò bá ràn án ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta tún ni o fún?"

Mo ka àwọn márùn-ún tó kù fún un. Nígbà tí mo dé orí Ìyàwó, mo rántí. "Ó ti lóyún, mà. Oṣù kẹrin."

"Lọ pè wọ́n wá báyìí. Gbogbo wọn. Kí alóyún ṣáájú, bí nǹkan kan kò bá tiẹ̀ dùn ún."

Mo sáré. Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: agolo, ṣúgà, èèrà, abẹ́rẹ́.

Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà, ti òní yìí le," ni ọ̀kan wí.

"Ẹ wo omijé gidi," ni Ìyàwó wí, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. "Irú ọmọ wo rèé? Ó kù díẹ̀ kí n gbà ọ́ gbọ́. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa lọ tò sí ilé ìwòsàn, kí a tọ̀ sínú ìgò, kí o máa fi wá rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀."

"Ohun tó wí nígbà lẹ́tà mẹkáníìkì náà nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Ẹnìkan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò mọ̀ pé ẹ̀rín lè dun ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mo ń wo ikùn Ìyàwó, mo ń wo ẹnu rẹ̀ tó là, n kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n lè gbà lẹ́nu mi. Èmi ni mo kọ́ wọn láti má gbà mí gbọ́.

Mo pe fóònù nọ́ọ̀sì tó ti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sí etí Ìyá Áyọ́ọ̀nù. N kò mọ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀. Mo gbé ohùn fóònù sókè, mo gbé e sórí tábìlì.

A ń gbọ́ èémí rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dé, tínínrín.

"Òótọ́ ló sọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì lọ."

Ọ̀kan nínú wọn pa ẹ̀rọ. Ìyàwó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Nígbà tó kọjá lára mi, ó dúró díẹ̀.

"O fún mi, o sì ń rẹ́rìn-ín," ló wí. Ó kọjá lọ.

Nínú àwọn márùn-ún, wọ́n bá kòkòrò nínú ìtọ̀ ẹni méjì, Ìyàwó sì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan kò dùn ún. Oògùn ṣì ran tirẹ̀. Wọ́n ní bó bá pẹ́ sí i, oyún náà ì bá wà nínú ewu.

Bí ẹ bá ní agolo bíi tiwa lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí, kí ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ padà fún ilé ìwòsàn. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ má wá ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹni tí yóò yẹ ìtọ̀ náà wò. Èyí tí wọ́n bá sì kọ fún yín, ẹ lò ó tán. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ni, mo mọ̀.

Ọjọ́ kẹfà tí Ìyá Áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ibà náà lọ. Dókítà ní kídìnrín kan kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé kò gbọdọ̀ padà sínú ooru. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè.

Mo ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mò ń bu omi, mò ń da abọ́ ìtọ̀ nù, kì í bá mi sọ̀rọ̀, n kì í bá a sọ. Lọ́jọ́ náà, ó yí ojú kúrò lára ògiri, ó wò mí pẹ́.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín," ló wí. "Sọ ẹ̀fẹ̀ kan fún mi."

Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn. Mo la ẹnu. Ó ń dúró, ó tiẹ̀ ti ṣe ojú bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lè ràn mí lọ́wọ́.

Mo wá a, mo wá a. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọ̀sán, ó gún un, ó kó nǹkan rẹ̀, ó jáde. N kò tíì rí ọ̀kan.